Erin Tó Dùbúlẹ̀ Sọ́nà Omi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ ilé òkùnkùn náà, èmi ni mo fi ẹnu mi bà á jẹ́. Mo máa ń tètè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Jórinjórin ni ẹ̀gbọ́n mi ní Sokodé. Ó ti Kambolé, ìlú wa, lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kò sì padà sídìí ebè iṣu mọ́. Lọ́dún kan, nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ ku oṣù méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àlòkù irin jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Ó jó wọn pọ̀ di ojú irin kékeré tó yí po, ó kan kẹ̀kẹ́ onígi tí ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sí, ó sì fi aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ akẹ́rù bo gbogbo rẹ̀. Ẹ ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́, ọkùnrin méjì á tì yín wọ inú òkùnkùn, ohun tó ń dẹ́rù bani á sì yọ sí yín lójijì. Ó ní òun rí irú rẹ̀ nínú ìwé àwòrán kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá. Mo bi í pé kí ni yóò máa yọ sí àwọn ènìyàn. Ó ní òun ò tíì mọ̀, pé èmi tí ẹnu mi kì í sinmi ni kí n bá òun wá a.

Àlọ́ ìyá àgbà wa ni mo bá a wá. Ìyá àgbà ló tọ́ àwa méjèèjì ní Kambolé, àlọ́ rẹ̀ ni a sì fi ń sùn ní kékeré. Nínú ọ̀kan, erin dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ní ó rẹ òun, òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Ìsinmi náà kò tán. Àwọn ẹranko yòókù ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọrin sí i pé:

Yà o, yà lọ́nà,
Òùngbẹ ń gbẹ wá.

Erin á ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Nígbà tó yá, gbogbo wọn parapọ̀ tì í, ó ṣubú sínú odò gbàgà, omi sì ta sí wọn lára.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn sí i. Ó fi páànù ṣe erin kan, ó fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ṣe ojú rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá kan ẹsẹ̀ erin náà, á wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo, agolo oníhò tó wà lókè á sì wọ́n omi sí gbogbo wọn. Àwọn ọmọge Sokodé á pariwo, wọ́n á fi ìborùn nu ojú, wọ́n á tún fẹ́ padà wọlé.

Nígbà tí ìtúnu dé tí a ṣí i, ìdúró ni ìṣòro. Ẹni mẹ́rin péré ni kẹ̀kẹ́ ń gbà, ìlà sì ti gùn dé ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjà. Oòrùn ń pa wọ́n, wọ́n ń ti ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ ń gba iwájú àwọn àgbà kọjá.

"Àbúrò mi, wá nǹkan fi dá àwọn ènìyàn yìí dúró," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n fẹ́ fa aṣọ mi ya."

Mo gun orí àpótí kan, mo bẹ̀rẹ̀ àlọ́ erin. Ìyá àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàlọ́ nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà ní Kambolé, oòrùn Sokodé ló sì wà lórí mi. Mo pa á ní èdè wa, mo fi Tem, èdè àwọn ará Sokodé, díẹ̀ sí i, níbi tí Tem mi bá tán mo bọ́ sínú Faransé. Bí mo bá dé ibi tí àwọn ẹranko ti fẹ́ ti erin, mo máa ń dákẹ́, màá na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, màá ní: "Ẹ wọlé lọ wo bó ṣe parí." Àwọn tó ti wọlé lẹ́ẹ̀kan tún ń padà sẹ́yìn ìlà kí wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbéra ga, mi ò ní parọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Orin yẹn ni mo fi ń to ìlà. Bí mo bá ti kọ ọ́, gbogbo wọn á sún ní ìṣísẹ̀ kan, wọ́n á sì yà fún àwọn tó ń jáde. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun wà lórí ìlà, àwọn obìnrin tó ju ìyá mi lọ náà wà níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni mo fẹ́ wo lójú kí n ní "Yà"? Ọmọ tí ìyá àgbà kọ́ nílé kò lè ṣe é. Mo bá fi "ẹ" kún un: Ẹ yà o, ẹ yà lọ́nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ẹnu mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ní Sokodé, ìwọ̀nba ènìyàn ló gbọ́ èdè wa, orin náà kò kọjá adùn lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni a di ẹrù wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù, a gbé e lọ sí Tchamba ní ọjọ́ ọjà. Àwọn ará Kambolé wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣu wọn, àwọn ará Goubi gbé àgbàdo wá. Ènìyàn tiwa ni wọ́n, àlọ́ tiwọn ni. Mi ò tíì parí ẹsẹ kìn-ín-ní tí gbogbo ìlà fi gbà á lẹ́nu mi. Ẹ yà o! Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọdún yẹn, àwòrán ọkùnrin kan ṣoṣo, olórí orílẹ̀-èdè wa, ló wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì. Ènìyàn a máa wẹ̀yìn kó tó kẹ́dùn pé oúnjẹ wọ́n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Adùn orin ló mú mi gbàgbé. Mo rí ọkùnrin kan tí kò gbè é. Ó wọlé bí gbogbo ènìyàn, omi ta sí i láṣọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sẹ́yìn ìlà, ó gbọ́ àlọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jáde lórí ìlà nígbà tó kan án láti wọlé. Nígbà tí wọ́n ti kírun alásárì tán, òun àti ẹnìkan wá bá ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kó wá fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ fìlà rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú irin, nítorí ó gbóná. Títí wọ́n fi kírun ìṣáì, kò dé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní wọ́n mú un lọ. Wọ́n ní kí n jókòó. A pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, a tò tẹ̀lé ara wa, bí ẹnìkan bá wọlé a ó sún. Ìlà nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pàlọ́ fún wa. Mo di fìlà ẹ̀gbọ́n mi mú, mo ń ka gbogbo súrà tó wà lórí mi, mo sì ń fo ẹsẹ nínú wọn nítorí ẹ̀rù. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n pè fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ilé wọn kò gbúròó wọn mọ́.

Oòrùn ti dé àtàrí kí wọ́n tó pè mí. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn tábìlì. Akọ̀wé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo sì dá a mọ̀: ọmọ Kambolé ni, ìyá rẹ̀ máa ń ta ẹ̀pà nítòsí mọ́sáláṣí wa. Kò kí mi. Lábẹ́ àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo ti rí bàtà ẹ̀gbọ́n mi. Méjèèjì tò síra wọn dáadáa bí ti ẹni tó wọ ilé àna lọ.

Ọ̀gá, tí kọmí ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, sọ Faransé, kọmí yí i sí èdè wa.

"Ṣẹ́ẹ̀fù ní wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀ ń kọ ọ́ pé 'Ẹ yà o, ẹ yà lọ́nà.' Ta ni ẹ̀ ń lé lọ́nà?"

"Erin ni."

"Nílé wa, a máa ń pe erin ní ẹ?"

Kọmí ló bi mí ìyẹn fúnra rẹ̀, ọ̀gá kò sọ ọ́.

"Ìyá mi pa àlọ́ yẹn fún èmi náà," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "'Yà' ni. Ta ló fi 'ẹ' sí i?"

"Èmi ni. Nítorí àwọn àgbà tó wà lórí ìlà ni."

Ó yí i sí Faransé. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní ṣé àwọn àgbà orí ìlà náà ló ń wó lulẹ̀ nínú ilé òkùnkùn yẹn, tí ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ náà sì fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo bàtà yẹn. Mo gbọ́ tí ẹnu mi tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ariwo ọjà ni kò jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe 'lọ́nà'. Àlejò ńlá là ń pè." Mo sì kọ ọ́ fún wọn:

Ẹ yà o, ẹ yà sílé wa,
Òùngbẹ yín ń gbẹ wá.

Kọmí tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un kí n tó sọ ọ́. Mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń ké lókè, mo sì rò pé bó bá gbé ojú sókè báyìí, ó parí fún wa.

"Invitation ni, ṣẹ́ẹ̀fù," ó wí ní Faransé. "Wọ́n ń bẹ àlejò pàtàkì kó yà kí wọn."

Ọ̀gá ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Ó ní irú orin bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nínú òkùnkùn, pé kí n lọ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ animation, àwọn tó máa ń kọrin yin ìjọba. Ó ní àwọn àlejò yóò gba ọ̀nà Kambolé kọjá láìpẹ́, ẹ̀bá ọ̀nà ni òun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Kí a sì fọ́ erin náà.

Láìwọ bàtà ni ẹ̀gbọ́n mi jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń tiro díẹ̀. Ó ní bẹ́ǹṣì tí òun sùn lé ló le. Nígbà tí a dé ìta ó bi mí pé kí ni mo sọ fún wọn.

"Mo ní kí wọ́n yà sílé wa."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Má jẹ́ kí ìyá àgbà gbọ́."

Ìyá àgbà gbọ́. Ilé wa kọjú sí ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tò wá sí lọ́jọ́ tí àwọn àlejò ń kọjá. Èmi ni mo ń dá orin, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbè é, ìlà náà gùn ju ti Sokodé lọ. Àwọn ọkọ̀ dé, wọ́n sáré kọjá, wọn ò tilẹ̀ dẹ ìrìn. Gbogbo ilẹ̀kùn gíláàsì ni wọ́n tì. Eruku wọn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo wọlé.

Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ iṣu.

"Ta lò ń pè ní ẹ?" ni ó bi mí. "Nínú àlọ́ mi, erin kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀ sọ́nà omi, ìwọ wá ní kó wọlé?"

Ojú tì mí. Mo kàn wo ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá àgbà náà wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì wú. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó ní kí n lọ fọ ojú kí n wá jẹun.

Ṣùgbọ́n kò pa àlọ́ erin mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún púpọ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà wá bá mi lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń yí àgbàdo tí mo sá.

"Àǹtí, ẹ pàlọ́ erin fún mi. Mo bẹ ìyá àgbà, wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni erin wà."

Mo ní a kì í pàlọ́ nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run.

Ó wo òkè. Ó ní kò burú, òun á dúró. Ó fa àpótí kan, ó sì jókòó tì mí.