Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Rìsì Gbé Wá

"Ọmọ mi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe tèmi."

Bàbá Rìsì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un tán ni pé lábò, ilé àyẹ̀wò wa, rí ikọ́ ife nínú ohun tó gbé wá, pé kó má fòyà, oògùn wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Dípáńsárì kan, ilé ìwòsàn kékeré, ní àdúgbò Kennedy, níbí ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, tí mò ń kọ orúkọ wọn sára ike, tí mò ń tò ó sínú gilasíẹ̀, àpótí oníyìnyín wa, tí mo sì ń gbé e lọ sí lábò kí oòrùn tó mú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, obìnrin Baoulé kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, máa ń sọ pé: "Lábò kì í rí ojú èèyàn. Orúkọ tí o bá kọ ni wọ́n ń gbà gbọ́." Mo rò pé kí n ṣáà ti kọ ọ́ kó hàn ketekete ló ń wí.

Gbogbo Anago, àwa Yorùbá àdúgbò wa, ló mọ Bàbá Rìsì, tó ń ta páàtì ọkọ̀. Ikọ́ ló gbé e wá. Itọ́ lásán ló kọ́kọ́ gbé wá, ó mọ́ gaara bí omi. Mo ní, "Bàbá, àyà ni mo rán yín lọ, ẹnu lẹ dé tí ẹ fi padà." Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé èyí tó ki dáadáa wá láti ilé, mo sì yìn ín.

"Ta ló wá ni ín, Bàbá?"

"Ìyá Rìsì, ìyàwó mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí wọ́n bá rí i lára mi, ta ni yóò tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi? Òun náà ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní èéfín ni. Mo ní kó bá mi tu tirẹ̀ síbẹ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n dúpẹ́. Bó bá gba oògùn, tó dà á nù, tó dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?

"Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Màmá."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí náà ni."

Ó jáde. Mo rò pé ó lọ nìyẹn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó mú ìyàwó rẹ̀ dé. Mo fún àwọn méjèèjì ní ike, mo mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo ní kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Bàbá wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, kò sí nǹkan kan nínú ti Bàbá. Ti ìyàwó rẹ̀ ni kòkòrò náà wà.

Ìyá Rìsì yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Àṣé sísá tí ẹ sá ni wọ́n fi rí tèmi!"

Mo rò pé ìjà dé. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí ikọ́ fi gbà á.

Ní gbogbo oṣù mẹ́fà tí Ìyá Rìsì fi lo oògùn, Bàbá ló ń mú un wá láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ kan pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà dípáńsárì, ó ní, "Bàbá, ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Ìyàwó mi ni," ni Bàbá wí. "Ikọ́ ife ni. Ìwọ náà ń wúkọ́ lánàá. Wọlé, kí wọ́n fún ọ ní ike."