Fẹ́rì Bàbá Mi Nígbà Ogun

Nílé wa ní Ìgàndò, ẹ̀rọ omi bàbá mi ni gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi, àwa ọmọ onílé la sì ń pọn kẹ́yìn. Òfin bàbá ni. Inú máa ń bí mi burúkú! Màá ní, "Bàbá, àbí àwa kì í ṣe ènìyàn ni?" Wọ́n á kàn tún ti garawa mi sẹ́yìn ni.

Ìyá mi ló sọ ibi tí òfin náà ti wá fún mi. Kí bàbá tó wá sí Èkó, àwọn ló kọ́kọ́ wa fẹ́rì ní èbúté kan létí Odò Ọya, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ alájẹ̀ ni wọ́n fi ń sọdá tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má baà sọ pé awakọ̀ ń ṣojúsàájú, ẹbí tirẹ̀ ló ń wọlé kẹ́yìn. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí gbogbo ìlú ń sá, ìyàwó àkọ́kọ́ tí bàbá fẹ́ dúró de ìrìn ìkẹyìn. Bí fẹ́rì ṣe gúnlẹ̀ ní òdìkejì, àwọn ṣọ́jà gbà á. Bàbá ò lè padà. Wọn ò rí obìnrin náà mọ́, àtòkú àtààyè.

"Ohun tó ń jẹ bàbá yín nínú," ni ìyá mi wí, "ni pé bóyá obìnrin náà rò pé ńṣe ni wọ́n sá fi òun sílẹ̀. Má yọ wọ́n lẹ́nu mọ́, jàre."

Lọ́dún tí àìsàn ò jẹ́ kí bàbá lè rìn mọ́, ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní Ẹ̀gàn wá bu omi. Bàbá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń lé àwọn ọmọ-ọmọ wọn sẹ́yìn: "Ẹbí onínǹkan ló ń kẹ́yìn!"

Ìyá náà sọ garawa kalẹ̀. Ó wo ojú bàbá títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ wa fẹ́rì rí?"

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun wà nínú fẹ́rì ọjọ́ yẹn, tòun tọmọ lẹ́yìn. Àwọn èrò ń ti ìyàwó awakọ̀ pé kó wọlé, pé ogun ò mòfin. Ó kọ̀. Ìyá àgbà yìí gan-an ló fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?" Bàbá ló bi í.

"Ó sọ̀rọ̀, sà. Ó ní tá a bá ti dé ọ̀hún, ká tètè bọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè tètè padà wá gbé òun."

Bàbá bú sẹ́kún. "Ó ń retí mi," ni wọ́n ń wí ṣáá. "Ó ń retí mi."

Inú bí mi sí ìyá àgbà yẹn. Ì bá kúkú parọ́ pé èpè ni obìnrin náà ṣẹ́; ìyẹn ì bá rọrùn fún bàbá ju pé ó ń retí wọn lọ.