Ìyáálé Mi, Tíṣà Tí Kò Fi Èènì Sí Máàkì

Ó dìgbà kan ná, ìyáálé mi! Ó dìgbà tí a óò tún gbọ́ ìró bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà Ìjẹmọ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò á máa sáré nu imú wọn, tí wọ́n á máa pariwo pé, "Tíṣà ń bọ̀!" Ikú, o ò ṣeun. Òpó tó gbé òrùlé ilé wa dúró lo wó. Ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́jà àti ọmọ olóyè jẹ́ ọmọ kan náà níwájú yín, ẹ̀yin adúróṣinṣin obìnrin, ṣé bí ẹ ṣe lọ nìyí?

Nígbà ìdánwò àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n pariwo ìdáhùn. Ẹ máa ń pè wọ́n sídìí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú sọ tirẹ̀ sí yín létí. Èyí tí ẹ̀rù bá ń bà, ẹ ó ní kó kọ́kọ́ dárúkọ ìyá rẹ̀. Bó bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹ ó ní, "O gbà á! Ó ku èkejì."

Àmọ́ ọdún kan wà tí ìdánwò yín há gbogbo wa mọ́. Sìdí ọmọ mi wà ní kíláàsì kejì lọ́wọ́ yín. Ó ti tún kíláàsì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, Bàbá, ọkọ wa, sì ti fohùn sílẹ̀: bó bá tún kùnà, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Papalanto, kó lọ máa bá a tajà. Ẹ wá bi í pé, "Ìyá rẹ ní ọsàn mẹ́wàá, ó ta mẹ́rin, mélòó ló kù?" Sìdí tó ń bá mi kiri ọsàn sọ sí yín létí pé, "Márùn-ún, mà." Ẹ fi báírò pupa kọ òdo sí i. Máàkì kan yẹn ni kò jẹ́ kó yege.

Nígbà tí ẹ délé tí ẹ sọ fún mi, mo fò dìde. "Ìyáálé mi, ọmọ yìí gbà á! Ta ló ń ta ọsàn mẹ́rin tí kì í fi ẹyọ kan ṣe èènì? Èmi tí mo bí i gan-an, márùn-ún ló máa kù nínú igbá mi!"

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì tún mójú kúrò. "Mo mọ̀, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní èènì. Ọmọ mìíràn náà fi máàkì kan kùnà. Ìyá tiẹ̀ kò bá mi gbélé. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ibo ni kí n gbà? Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní orogún ń jà. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi lọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ fún un, ẹ di olójúsàájú. Ẹ ò fún un, ẹ di ìyáálé burúkú. Ìdí ààrò kan náà là ń jọ jókòó sí, a ò lè wojú ara wa.

Nígbà tí Bàbá kírun tán, tó ní kí n lọ di ẹrù Sìdí, ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀. "Bàbá, ọmọ tó rántí èènì kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lọ́dọ̀ mi. Bó bá máa lọ sí Papalanto, kí wọ́n di ẹrù tèmi mọ́ tiẹ̀."

Bàbá ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ọ̀kan ń sunkún, èkejì fẹ́ di ẹrù. Ẹ ti há mi mọ́ inú ilé mi!" Ló bá wọ yàrá lọ. Bí Sìdí ṣe dúró nìyẹn.

Ọdún yẹn gùn. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ lẹ ń kó ọsàn mi sílẹ̀, tí ẹ ń kọ́ Sìdí pé kó tó dáhùn, kó kọ́kọ́ bèèrè: "Ṣé ọjà ni, àbí ìwé?" Ẹ sanwó gbogbo ọsàn tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo gbà á; ọjà nìyẹn.

Sìdí yẹn wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òṣíẹ̀lẹ̀ lónìí, iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́. Ó ku díẹ̀ kó jáde. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run létí yín pé kó jọ̀wọ́, kó fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe èènì, kí ẹ fojú rí i. Ẹ di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, ṣé ọjà ni, àbí ìwé?"

Òní ni mo ń dá yín lóhùn. Ìwé ni, ìyáálé mi.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere. Ìdánwò tiyín ti parí. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ nínú ilé yìí ló ku tiwa. Ẹ sùn re o, Tíṣà wa. Ẹ sùn re.

Ìyàwó yín,
Ìyá Sìdí