Abọ́ Òfìfo Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́

Òtítọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síhìn-ín. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì bu èyí tí ó ń tì mí lójú kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí etí títì bíi tèmi yóò mọ̀ pé irọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé wa nítòsí Agosasa súnmọ́ títì débi pé bí ọkọ̀ àjàgbé bá ń kọjá, àwọn abọ́ orí pẹpẹ ìyá mi a máa gbọ̀n jìgìjìgì. Ọ̀nà náà ti apá Ìlaró wá, ó gba iwájú ilé wa lọ sí bodè Ìdí-Ìrókò, ó sì ré bodè kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ elédè Faransé, níbi tí èbúté wà létí ọ̀sà. Ohun gbogbo ni ó ń gba ojú rẹ̀ kọjá: ìrẹsì, aṣọ òkìrìkà, ẹja yíyan, àti àwọn ọkọ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà. Ní òwúrọ̀, òórùn epo bẹntiróòlù àti ti búrẹ́dì gígùn àwọn ará Àjàṣẹ́ ni ó máa ń jí wa. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a máa sọ pé títì ni odò tiwa.

Títì náà ni a fi ń wọn ohun gbogbo. Bí èmi tàbí Kọ́lá àbúrò mi bá ṣẹ̀, ìyá mi kì í wo aago. Yóò ní, "Ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ ká ọwọ́ sókè títí ogún ọkọ̀ yóò fi kọjá." Ní ọjọ́ ọjà, ìyà náà kì í pẹ́ rárá, nítorí náà a máa ń gbìyànjú láti ṣẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Eré wa pàápàá, títì ni. A ń pè é ní tèmi-tìẹ. A ó jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ yọ, tèmi ni. Èyí tí ó tẹ̀lé e, ti Kọ́lá ni. Mo ti ni jíìpù dúdú rí. Kọ́lá ti ni ọkọ̀ tí ó kún fún ewúrẹ́, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan pé, "Darandaran, báwo ni àwọn ọmọ rẹ?"

Ìyá tí ó bí ìyá mi ń gbé ní Àjàṣẹ́, ó ń ta ẹja yíyan àti edé létí omi. Màmá Àjàṣẹ́ ni a ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, yóò fi abọ́ tánganran aláwọ̀ ewé kan, tí ó ní ìdérí, di edé tàbí ẹja sínú aṣọ, yóò sì fi rán Bàbá Dàúdà, awakọ̀ àdúgbò wa tí ó ń ná ọ̀nà náà. Abọ́ kan náà ni ìyá mi yóò fi nǹkan sí padà fún un: gàrí, ọsàn, tàbí obì. Láti ìgbà tí ìyá mi ti wọ ilé ọkọ, abọ́ yìí kò sinmi. Ní ìdílé wa, abọ́ kì í padà lófìfo. Màmá Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ fún mi nígbà tí ó wá kí wa pé, "Abọ́ òfìfo kì í wálé lásán, ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà sì ni pé, mi ò bá ọ ṣe mọ́. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kan dá abọ́ òun padà lófìfo rí, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jẹun mọ́ títí ikú fi dé. Ó ní bí kò bá sí ohunkóhun nílé, kí ènìyàn bu iyọ̀ ṣúnún sí i. Iyọ̀ ṣúnún náà yóò sọ pé, ọwọ́ mi ló ṣófo, inú mi kò ṣófo sí ọ.

Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ń dùn mí jù nìyẹn.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ọjọ́ tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Màmá ti ránṣẹ́ pé gàrí òun kò tíì tán, pé àádùn ni ẹnu òun ń fẹ́. Ìyá mi yan àgbàdo, ó lọ̀ ọ́, ó fi epo pupa pò ó, ó sì pọ́n ọn sínú ewé. Ẹyọ mẹ́wàá ni ó kó sínú abọ́. Ó dì í, ó ní kí èmi àti Kọ́lá lọ dúró de Bàbá Dàúdà létí títì.

Bàbá Dàúdà pẹ́ ní ọjọ́ náà. A bẹ̀rẹ̀ eré tèmi-tìẹ. Èmi ni mo dá a lábàá pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dára jù yóò jẹ àádùn ẹyọ kan. Àádùn náà ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, epo rẹ̀ ń tàn sí wa ní ìka. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, a sì dá ẹjọ́ wa láìfì sí ibì kan. Nígbà tí mo wo inú abọ́, ó ku ẹyọ kan. Mo rò ó pé ẹyọ kan yìí yóò jẹ́rìí sí i pé mẹ́sàn-án ti lọ. Mo jẹ ẹlẹ́rìí náà. Mo nu abọ́, mo tún aṣọ rẹ̀ dì, mo sì pinnu pé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n ó jí ọsàn méjì kún ohun tí ìyá mi bá fi ránṣẹ́.

Bàbá Dàúdà dúró, ó yọ orí jáde. "Bọ́ńjúù, ìyàwó mi! Kí lo dì fún ìyáálé rẹ lónìí?"

"Ẹ káàsán, sà. Àádùn ni."

Ó gbé abọ́ náà sókè sódò. "Àádùn wo ló fúyẹ́ báyìí? Àbí ẹ ti ń fi afẹ́fẹ́ pò ó ni?"

Kọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Ọkọ̀ sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Dàúdà ní Màmá gba abọ́, kò sì sọ nǹkan kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí po, ìjọba ti bodè pa.

Ẹ̀yin náà rántí bí títì ṣe dákẹ́. Ilé epo ti ilẹ̀kùn. Àwọn abọ́ orí pẹpẹ kò gbọ̀n mọ́. Bí a bá jókòó ṣe tèmi-tìẹ, alùpùpù kan ni a ó máa pín láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan tí ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀ fún ogún ọkọ̀, mo ka mẹ́ta, ó jáde wá wò mí, ó wo títì, ó ní, "Dìde. Wọ́n ti fi ìyà jẹ gbogbo wa."

Àwọn kan ń gba ọ̀nà inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà kí ìyá mi dán an wò. Màmá kò ní fóònù. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń gbé tirẹ̀ sí i létí.

Ìyá mi bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ rí abọ́ gbà?"

"Mo rí i gbà."

"Ṣé ó dùn?"

"Mo ní mo rí i gbà, ọmọ mi. Ó dàbọ̀."

Ìyá mi gbé fóònù sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún Màmá?" Ó ń bi bàbá mi, èmi ni mo mọ ìdáhùn, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ń retí kí bodè ṣí, kí n fi abọ́ tí ó kún tún un ṣe.

Bodè kò ṣí fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì. Kí ó tó ṣí, Màmá Àjàṣẹ́ ti sun oorun àìjí. Wọ́n sin ín láìsí ìyá mi níbẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú náà, ìyá mi gbé àpótí lọ sí etí títì, ó jókòó, ó sì kọjú sí ìhà Àjàṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, Bàbá Dàúdà ni ó gbé wa lọ. Abọ́ aláwọ̀ ewé náà wà lórí tábìlì nínú yàrá Màmá, a ti fi aṣọ dì í. Níwájú rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, láìsí ẹni tí ó ní kí n kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi.

Ó wò mí títí. "Ẹyọ mẹ́wàá! Inú kò tilẹ̀ run yín?" Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni omijé. Ó tú aṣọ náà. Iyọ̀ ṣúnún ni ó wà nínú abọ́, ó ti le gbagidi.

Mo ti wọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ọkọ̀ ti padà sí títì, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó ti ìgbà náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń dá wọn dúró níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Aago fóònù ni ìyá mi fi ń wọn ìyà fún wa bí a bá ṣẹ̀. Ojú fóònù ni Kọ́lá ń wò lábẹ́ igi máńgòrò, kò mọ ọkọ̀ tí ó kọjá. Abọ́ náà wà lórí pẹpẹ wa, kò lọ síbi kankan mọ́, iyọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Mo ti bi ìyá mi, mo ti bi Bàbá Dàúdà, mo ti bi aládùúgbò tí ó ń gbé fóònù sí Màmá létí, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún mi: ṣé ó ti dárí jì wá ni Màmá fi bu iyọ̀ yẹn sí i, àbí ó fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń dá abọ́ padà?