Òṣùmàrè Tó Ń Nà

Òórùn róbà jíjóná ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ògbó, nítorí òǹtẹ̀ róbà ni mo ń gbẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo da sílíkónì olómi tó máa ń dì bíi róbà sórí CD àtijọ́ kan, mo fẹ́ wò ó bóyá yóò gba ojú rẹ̀. Nígbà tí mo ká a kúrò lọ́jọ́ kejì, òṣùmàrè wà lára rẹ̀ láìsí ọ̀dà kankan. Àwọn ìlà tínńtín tí ojú ò lè rí lára CD ló ti tẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àárín nìkan ló dì. Etí rẹ̀ ṣì ń fà bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Mo gbé e lọ sí yunifásítì, sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣọ́ maikirosíkóòpù, kó jẹ́ kí n fi ojú mi rí ìlà náà, kó sì sọ ohun tó ṣe etí rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní kí n jókòó.

“Ta ló gba onísítáǹbù wọlé? Gbé ẹ̀kọ rẹ lọ sí Sábó, wọn á bá ọ fi àkàrà mu ún.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kàwé lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni: ègé róbà òǹtẹ̀ ni mo fi ṣọgbà yí CD ká, imí-ọjọ́ inú róbà kì í sì í jẹ́ kí irú sílíkónì yẹn dì. Mo fi páálí rọ́pò rẹ̀, mo da òmíràn. Gbogbo rẹ̀ dì.

Mo padà lọ. Ọ̀gá náà wò ó, ó yọ ṣùtì.

“Olè! CD lo gé wá.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á ní ìbú àwọn ìlà rẹ̀. Bó ṣe ń nà ni àwọ̀ ewé ń di pupa. Mo dẹ̀ ẹ́, ó padà.

“Ọ̀gá, CD wo lẹ rí tó ń nà?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà fi àgbọ̀n júwe maikirosíkóòpù. “Ìṣẹ́jú márùn-ún. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Mo wò ó: ìlà bíi poro oko, gbọnrangandan, ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú mílímità kan.

Òótọ́ ni pé bí kò bá fi mí ṣẹlẹ́yà, bóyá n kò ní mọ ọ̀rọ̀ imí-ọjọ́. N kò ní torí ìyẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í kí mi, èmi náà kì í kí i. DVD ni mo ń lò báyìí, ìlà tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti CD lọ. Mo ń fi sílíkónì tí mo dà lé e lórí ṣe òǹtẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ oje jẹ́ẹ̀lì tí àwọn aṣèékánná ń lò, iná aláwọ̀ aró wọn ni mo sì fi ń mú un dì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo fi ẹyọ sílíkónì kan ṣoṣo tẹ oje náà nígbà mẹ́tàlélógún. Ìkẹtàlélógún ṣì ń tan òṣùmàrè.