Mítìngì Ìdúró Tó Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Bọ̀dá Làmídì

Ìyá Rasaki, ìyàwó Bọ̀dá Làmídì, ni ó la ìtàn yìí yé mi, bẹ́ẹ̀ ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀! Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n ro ohun tó dé bá wa fún yín, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan lápá Fádèyí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó ibi tí a ti ń ká ìwé tí a sì ń fi píìnì kàn án pọ̀. Bọ̀dá Làmídì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń gé etí ìwé. Tí ìwé bá kúrò lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ tiwọn ló ń lọ, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń parí. Ohun tí wọ́n bá ti gé, wọ́n ti gé e nìyẹn. Ta ló fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa mítìngì wa àtijọ́. Ìyà gidi ni! Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mùsùlùmí á gbàdúrà, Kìrìsìtẹ́nì á gbàdúrà, a ó kí ara wa, a ó bá ẹni tó ṣòfò kẹ́dùn. Ìgbà tí a ó bá fi dé orí iṣẹ́, oòrùn ti mú, kọ́sítọ́mà ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á tún un sọ, ẹni kẹta á wá dìde pé òun fara mọ́ ohun tí àwọn méjèèjì sọ! Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Nítorí náà, nígbà tí Àlàájì tó ni ilé iṣẹ́ darúgbó, tó gbé e lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, inú wa dùn. Màdáàmù Bísọ́lá ni a ń pè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó ní kí wọ́n kó bẹ́ǹṣì jáde. Ó ní ìdúró ni a ó máa ṣe mítìngì, kí kálukú sọ ìṣòro rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ó parí. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wá bá òun ní ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ohun tí a bá ní, ká gbé e wá sí mítìngì.

Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ wa. Kí tíì tó tutù nínú kọ́ọ̀bù, a ti tú ká. Iṣẹ́ ń yára jáde, ariwo kọ́sítọ́mà sì rọlẹ̀.

Bọ̀dá Làmídì nìkan ni kò rí i ṣe. Ẹ̀yin náà mọ irú àgbà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í la ọ̀rọ̀ tó wúwo mọ́ èèyàn lójú. Wọ́n á kọ́kọ́ kí yín, wọ́n á rántí bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọra máa yí i ká. Láyé bẹ́ǹṣì, ìgbà tí mítìngì bá ti parí, tí a ń kó bẹ́ǹṣì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni ọ̀rọ̀ gidi máa ń jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n á fa Àlàájì lápá, wọ́n á ní, “Nǹkan kan tiẹ̀ wà o...” Ní báyìí, kò sí bẹ́ǹṣì tí a ó kó mọ́!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó kàn wọ́n. Wọ́n ní, “Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí bàbá yín gbé ẹ̀rọ yìí dé láti Apápá, èmi ni mo...”

Akin tó ń ṣe dìsáìnì ló já lu ọ̀rọ̀ náà. “Bọ̀dá Làmí! Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn bọ̀ láti Ìsẹ́yìn ni? Ẹ wọ mọ́tò, jàre!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Màdáàmù kò bú wọn o. Ó rọra bi wọ́n pé kí ni kókó rẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, “Kò sí, mà. Àlàáfíà ni.”

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: iná tó wà lókè ẹ̀rọ àwọn kò mọ́lẹ̀ tó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màdáàmù ti ra gílóòbù tuntun! A pàtẹ́wọ́. Ẹ ò rí i bí mítìngì kúkúrú ṣe ń yanjú ìṣòro?

Àṣé gílóòbù kọ́ ni ọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìdílé kan láti Pedro gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá. Àwòrán màmá náà ló gba gbogbo iwájú ìwé, wọ́n wé gèlè aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. A ká a, a kàn án, Bọ̀dá Làmídì gé e, àwọn tó ń di ẹrù dì í sínú páálí, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an, àkọ́bí màmá gbé páálí náà padà dé. Kò pariwo. Ó mú ìwé kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni orí ìyá wa wà?”

Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti gba iwájú orí màmá kọjá. Kò sí gèlè mọ́. Ojú àti ẹ̀rín nìkan ló kù. Gbogbo ìwé tó wà nínú páálí ló rí bẹ́ẹ̀! Àbúrò olóògbé tó tẹ̀ lé e wá kọ̀yìn sí wa, kò fẹ́ wò ó, ó kàn ń sunkún pé ta ni àwọn ṣẹ̀. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ sọ fún ọlọ́fọ̀ bẹ́ẹ̀?

Màdáàmù ní kí wọ́n pe Bọ̀dá Làmídì. Wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ imú, wọ́n fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó gún lójú tèmi.”

Màdáàmù rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú kọ́sítọ́mà. Inú bí i, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bọ̀dá fọ ọwọ́, wọ́n fi aṣọ iṣẹ́ kọ́, wọ́n kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo lọ kí wọn ní Abúlé Òkúta. Ìyá Rasaki ló fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tí ojú ọkọ òun ti ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń forí gbá férémù ilẹ̀kùn. Ọsibítù ní kí wọ́n máa wá láàárọ̀ Mọ́ńdè fún ìtọ́jú. Wọ́n kàn fẹ́ tọrọ àyè ni, kí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ibi tí a ti ń di ẹrù.

“Bàbá Ṣọlá,” ó ní, “gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi ni wọ́n ń fi ṣe Màdáàmù. Wọ́n á dúró síwájú mi, wọ́n á sọ ọ́ dáadáa. Tí wọ́n bá dé ní Mọ́ńdè, wọ́n á ní wọn ò jẹ́ kí àwọn dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.”

Mo wọlé bá wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún èmi tí a jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Wọ́n ní, “Ọkùnrin tó ń gé ìwé, kó ní òun ò ríran? Àárín àwọn ọmọ yẹn náà? Lórí ìdúró?”

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màdáàmù. Ó lọ sí Abúlé Òkúta, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá máa di ẹrù. Bọ̀dá ṣàdúrà fún un. Wọ́n ní àwọn ò lè dá sọdá títì mọ́; ọ̀kadà tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, àwọn kì í rí i. Dókítà sì ti sọ pé èyí tó lọ lára ojú náà ti lọ. Èyí tó kù ni wọ́n ń tọ́jú.

Mítìngì wa ṣì kúrú títí dòní o, ó sì yẹ kó kúrú! Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀sẹ̀, Màdáàmù máa ń gbé àpótí lọ bá oníkálukú nídìí iṣẹ́ rẹ̀, á jókòó, á jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Tí Mọ́ńdè bá dé, ìpinnu nìkan ló kù. Ó dára púpọ̀. Ó kàn pẹ́ jù fún ẹnì kan ni.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àkókò tí a bá yọ kúrò nínú mítìngì, ká wá ibòmíràn fi í sí, kí ọ̀rọ̀ èèyàn má bàa kú sí i nínú. Ẹ bá mi sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ tiyín, mo ń gbọ́. Ẹ sì dákun, ẹ dá mi lóhùn èyí: lẹ́yìn mítìngì yín tó kọjá, ta ni ẹ tẹ̀ lé láti bi í ní ohun tí kò rí sọ?