Ẹ̀wà Tí Kò Tanná Títí Ìyá Ìgbájọ Fi Lọ

Láìpẹ́ yìí, aládùúgbò mi kan ru ewé ẹ̀wà tútù wálé fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń fi ẹnu rún un, òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Ó yẹ kí irú òórùn bẹ́ẹ̀ mú inú ọmọ àgbẹ̀ dùn. Èmi dìde, mo ti fèrèsé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra ẹ̀wà inú ọ̀rá lè má mọ bí a ti ń gbìn ín ní Ìlá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní agbo ilé wa, ẹnìkan ṣoṣo ló ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà fún gbogbo ilé. Opó àgbàlagbà kan ni, tí a fẹ́ wá láti Ìgbájọ. Ìyá Ìgbájọ ni à ń pè é, nítorí kò bí ọmọ tí à bá fi pè é. Inú akèrègbè ńlá ló ń kó irúgbìn náà sí, pẹ̀lú eérú àti ata gbígbẹ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bí a bá ti jẹ iṣu tuntun, tí àrọ̀kúrò òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin á tẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, òun á sì bu irúgbìn sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, á ní, "Kó yọ, kó so, kó kárí." Àwa ọmọdé ló ni èyí tó bá jábọ́, ó sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó jábọ́.

Ọdún kan wá tí oúnjẹ wọ́n gógó. Àwọn ọkùnrin ilé pinnu pé àwọn kò ní dúró de àrọ̀kúrò mọ́. Àkọ́rọ̀ òjò ni àwọn yóò fi gbin ẹ̀wà, kí oúnjẹ lè tètè délé. Kò sí ẹni tó rí àbùkù kankan nínú èrò náà. Inú Ìyá Ìgbájọ pàápàá dùn sí i. Ó bu irúgbìn fún wọn, ó sì súre bí ó ti máa ń ṣe.

Ẹ̀wà náà yọ. Ewé rẹ̀ tóbi, ó fà bo ebè, ó gun kùkùté. Bàbá mi a máa ṣe àwàdà pé bí òun bá fi kẹ̀kẹ́ òun sílẹ̀ lóko di ọ̀la, ẹ̀wà ni yóò máa gùn ún. Ṣùgbọ́n kò tanná. Oṣù kẹfà wọlé, ewé ni. Oṣù keje wọlé, ewé náà ni. Ewúrẹ́ nìkan ló ń dúpẹ́. Àwa ọmọ ń fi omi ẹ̀kọ sùn.

Ìyálé Baálé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó àgbàdo: "Ẹni tí kò mọ bí a ti ń so, kí ni yóò fi kọ́ ẹ̀wà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di ẹ̀sùn, tí wọ́n ní Ìyá Ìgbájọ ti fi àìbímọ rẹ̀ ran irúgbìn ilé. Baálé pè é jáde, ó ní kí ó tú ohun tó dì.

Ìyá Ìgbájọ ní, "Baálé, ẹ̀yin lẹ ní kí n bù ú. Ẹ bi ẹ̀wà."

Wọ́n gba akèrègbè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa padà sí Ìgbájọ, níbi tí ilé bàbá rẹ̀ ti wó láti ìgbà pípẹ́. Ìyá mi ló bá a gbé ẹrù dé ẹ̀bá títì. "Ìyá, ẹ má bínú."

"Kí ni n óò bínú sí, ìyàwó mi? Ṣé ẹ̀wà ni?"

Ó gun ọ̀kadà, ó gbé ẹní rẹ̀ lé itan. Ìparí oṣù kẹjọ ni.

Ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ẹ̀wà náà tanná. Òdòdó funfun àti aláwọ̀ àlùkò bo gbogbo oko. "Ẹ ò rí i? Ó ti tú u," ni wọ́n ń sọ káàkiri ilé. Òdòdó náà di ẹ̀rí. Wọ́n kórè, wọ́n dín àkàrà, wọ́n pín in fún àwa ọmọ, a sì jẹ ẹ́. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìgbájọ ti kú ní Ìgbájọ, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kan tó ṣàánú rẹ̀. Nínú gbogbo agbo ilé wa, ìyá mi nìkan ló lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a gbin irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ sínú ìkòkò. A ń fi àpótí bo ìdajì wọn kí oòrùn tó wọ̀, kí òru tiwọn lè gùn. Àwọn tí a bò ló tanná. Àwọn yòókù ń ta ewé. Olùkọ́ wa ṣàlàyé pé gígùn òru ni ẹ̀wà wa fi ń mọ àsìkò. Bí ọ̀sán bá gùn ní àárín ọdún, kò ní rudi láti tanná, ẹni yòówù tó bu irúgbìn rẹ̀. Bí ọ̀sán bá ń kúrú lọ, yóò rudi. Ooru náà ní ipa tirẹ̀: bí òru bá móoru jù, ìrudi, òdòdó tí kò tíì là, á rẹ̀ dànù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kò lè kọ ohunkóhun.

Mo wálé, mo ṣàlàyé fún Baálé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n wẹ orúkọ òkú náà mọ́ lójú agbo ilé. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ó lọ, ẹ̀wà tanná. Kí lo tún ń wá?" Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ nílé, ẹ̀wà ìbá tanná bákan náà." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Baálé ti kú. Ilé alámọ̀ ti di ilé síméǹtì, irúgbìn tí wọ́n sì ń rà nísinsìnyí ń so láìka gígùn ọ̀sán sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo gbọ́ tí ìyàwó ilé kan ń lé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí iná tó kọ̀ láti ràn: "Kúrò níbẹ̀, Ìyá Ìgbájọ, kí ẹ̀wà lè tanná." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni Ìyá Ìgbájọ.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, òwe ilé wa ni."

Mo sọ fún un pé kì í ṣe òwe, pé ìyàwó ilé bíi tirẹ̀ ni, pé Adúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, àti pé kò ṣe ẹ̀wà ní nǹkan kan.